Ẹ̀rọ Tí Kò Nímú

Èrúwà ni mo wà. Níbí, bí káfíńtà bá ń la pákó tó gbóòórùn jíjó, á dáwọ́ dúró. CNC kò nímú.

Ní 1952, MIT ní Amẹ́ríkà ṣàfihàn baba ńlá rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ lára téèpù oníhò. John Parsons ló ni èrò náà. Irin ló ń gé nígbà náà. Irin kì í tètè jó. Igi ń jó.

Bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ kò bá mú mọ́, tó ń yí lójú kan, pákó á gbóná, á di ẹ̀yinná. Ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀ pákó á fà á sínú àpò, á máa jó lábẹ́lẹ̀.

Ìyẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Ní 2012, ó bú gbàmù ní sọ́míìlì méjì ní Kánádà. Èèyàn mẹ́rin kú.

Ẹ má tẹ bọ́tìnnì kẹ́ ẹ lọ jẹ àmàlà. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.