Ẹ́ńjìnnì Ńlá Lẹ́yìn Katakata Kékeré: Ohun Tójú Àwọn Tó Ṣe É Ṣáájú Rí



Ìbéèrè kan ò tán lọ́dọ̀ wa: ẹ́ńjìnnì katakata àtijọ́ ti dákẹ́, mẹkáníìkì wá ní òun máa gbé ti lọ́rì sí i, pé á fa nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Ṣé kó gbé e sí i? Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Amẹ́ríkà la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ní 1939, iléeṣẹ́ Ford gbé katakata 9N jáde, pẹ̀lú ọwọ́ mẹ́ta tí Harry Ferguson ṣe sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo Massey Ferguson, ọwọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ fi ń gbé plọ́ọ̀ sókè sódò yẹn náà ni, orúkọ bàbá yìí ló sì wà lára katakata yín. Ìjà dé láàárín òun àti Ford, Ford sì gbé 8N jáde ní 1947 láìsí i níbẹ̀. Wọ́n délé ẹjọ́, àmọ́ ẹjọ́ yẹn kọ́ la wá rò lónìí.

8N ò wọ́n, ó rọrùn láti tún ṣe. Títí wọ́n fi dá a dúró ní 1952, iye tí wọ́n ṣe lé ní 500,000. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò lágbára púpọ̀: sílíńdà 4, agbára ẹṣin bíi 25 péré. Tí ilẹ̀ bá le, ẹ́ńjìnnì á máa kérora.

Ibẹ̀ ni Joe àti Howard Funk ti wọlé. Ìbejì ni wọ́n o, Táyé àti Kẹ́hìndé gan-an. Ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké ni wọ́n ń ṣe ní Coffeyville, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Nígbà tí ọjà ọkọ̀ òfúrufú kú lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n yíjú sí katakata. Wọ́n ń ta àwọn irin tí àgbẹ̀ lè fi yọ ẹ́ńjìnnì 8N kúrò, kó sì gbé ẹ́ńjìnnì Ford onísílíńdà 6 sí i, tàbí V8 tó ń gbé mọ́tò Ford kiri títì. V8 yẹn, agbára ẹṣin 100! Ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òòlù àti spánà nìkan. 8N ò ní férémù lábẹ́ bíi lọ́rì. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn katakata: axle iwájú so mọ́ ọn níwájú, gearbox so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹni bá yọ ọ́, katakata ti já sí méjì nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn ìbejì yìí fi rọ irin tó nípọn láti fi so iwájú mọ́ ẹ̀yìn padà, tí wọ́n sì ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè kí ẹ́ńjìnnì tuntun lè ráyè. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, a ò ní bú wọn.

Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn. Gearbox àti axle tí wọ́n ṣe fún agbára ẹṣin 25 ṣì ni. Katakata náà ò wúwo, bíi kílò 1,100 ni gbogbo rẹ̀. Agbára ò sì lè fa nǹkan àfi tí táyà bá di ilẹ̀ mú. Tí kò bá di ilẹ̀ mú, táyà á kàn máa yí lójú kan, epo ń jó. Tẹ́ ẹ bá wá da omi sí táyà, tẹ́ ẹ so irin mọ́ ọn kó lè di ilẹ̀ mú, eyín gíà ni gbogbo ẹrù yẹn máa bọ́ sí lórí, tàbí kí imú katakata gbéra nílẹ̀ kó dojú dé awakọ̀.

PTO náà ńkọ́? Lára 8N, tí ẹ́ńjìnnì bá yí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, PTO á yí bíi 540. V8 kì í sì yọ 100 rẹ̀ àfi tó bá yí ju 3,500 lọ. Ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn máa ṣe fún ẹ̀rọ tẹ́ ẹ bá so mọ́ PTO.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibòmíì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Fordson Major E27N jáde ní Dagenham ní 1945, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Wọ́n yọ irú gíà àtijọ́ tó ń jẹ agbára dànù, wọ́n fi crown àti pinion sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, láti 1948, ẹni tó bá fẹ́ lè gbà á pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì dísù Perkins P6, sílíńdà 6, agbára ẹṣin 45. Ẹ ò rí i pé wọn ò ki àṣejù bọ̀ ọ́. Katakata ọ̀hún wúwo ju 8N lọ dáadáa, dísù sì ń fi epo pamọ́. Lójú tiwa, èyí ló gbọ́n jù nínú méjèèjì.

Àwọn tó ń fi katakata díje ní Amẹ́ríkà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi fa ẹrù wò, ta ni tiẹ̀ lágbára jù. Nígbà tó fi di 1929, wọ́n ti ń fi katakata ṣe é ní Missouri àti Ohio. Ẹgbẹ́ wọn, NTPA, bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Láyé ìgbà yẹn, katakata tó lọ díje ṣì lè padà sóko. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì Allison sí i, lítà 28, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òfúrufú ogun, àwọn kan tiẹ̀ to ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ ìdíje nìkan ló kù tí irú katakata bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Kò lè kọ ebè kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí MF 35 àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, àwọn tó ṣe é gan-an ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Dísù onísílíńdà 4 tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ kì í tètè jí tí òtútù bá mú. Massey Ferguson ra iléeṣẹ́ Perkins ní 1959, wọ́n sì fi Perkins onísílíńdà 3 rọ́pò rẹ̀. Sílíńdà dín kù, katakata sì dára sí i. Irú Perkins yẹn ni kẹ́ ẹ ní kí mẹkáníìkì bá yín wá kó tó dárúkọ ti lọ́rì. Tó bá ṣì ní ti lọ́rì ni dandan, ẹ bi í bóyá clutch àti gíà ẹ̀yìn wà nínú owó tó pè.

Ẹ kọ irú katakata yín àti nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ síbí, a ó bá yín wo èyí tó bá a mu.