Ta Ló Ni Orin Náà? Darius Milhaud àti Gbèsè Rẹ̀ ní Bràsíl

Nígbà tí Darius Milhaud, aṣẹ̀dá orin ọmọ ilẹ̀ Faransé, gúnlẹ̀ sí Rio de Janeiro ní ọdún 1917, iṣẹ́ akọ̀wé ni ó bá lọ. Paul Claudel, akéwì tí ìjọba Faransé fi ṣe aṣojú rẹ̀ ní Bràsíl, ni ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ìgboro gbà á lọ́kàn. Ó ra ìwé orin maxixe àti tango, ó sì jókòó ti dùùrù títí ó fi mọ bí ìró wọn ṣe ń fà sẹ́yìn tí ó tún ń sáré ṣáájú.

Láti inú wọn ni ó ti ṣẹ̀dá *Le Bœuf sur le toit*, tí wọ́n ṣe ní Paris ní oṣù kejì ọdún 1920, tí Jean Cocteau sì kọ ìtàn eré rẹ̀. Orin Bràsíl tí ó ju ogún lọ ni ó hun pọ̀ nínú rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ pàápàá, orúkọ orin Bràsíl kan ni.

Nígbà tí Milhaud ń ròyìn iṣẹ́ yìí lẹ́yìn náà, orin àwọn ará ìlú ni ó pè wọ́n. Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Orin tí a bá pè ní ti gbogbo ìlú kò ní ẹni tí a ó dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ernesto Nazareth, Marcelo Tupinambá àti Chiquinha Gonzaga, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìran Áfíríkà, wà láàyè nígbà náà. Ní ọdún 1917 kan náà ni Gonzaga wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ SBAT sílẹ̀ ní Rio, kí òǹkọ̀wé eré àti aṣẹ̀dá orin lè rí ẹ̀tọ́ wọn gbà.

A kò lè sọ pé Milhaud kò mọyì wọn: ní ọdún 1920 kan náà, ó kọ àpilẹ̀kọ tí ó fi yin Nazareth àti Tupinambá. Ẹ̀rí ni èyí pé ó mọ orúkọ wọn. Ìyìn kò sì san gbèsè.

Ní ọdún 1940, Milhaud, tí ó jẹ́ Júù, sá fún àwọn Násì lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di olùkọ́ ní Mills College ní Oakland. Dave Brubeck, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níbẹ̀, sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Darius. Báyìí ni a ṣe gbé orúkọ olùkọ́ náà dúró. Irú ọlá bẹ́ẹ̀ ni ìtàn orin ṣì jẹ àwọn tí òun náà kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn.