Agbárí Màlúù Kan ní Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n kí ni kí á wá pe fọ́tò? Ìròyìn ni tàbí àfojúbà? Ọ̀ràn yìí ti ń dùn mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo gbé kámẹ́rà àti fíìmù dúdú-òun-funfun lọ sí oko baba mi. Ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀, ewé iṣu sì tutù yọ̀yọ̀ lórí ebè. Nígbà tí a fọ fíìmù náà tán, àti ilẹ̀ àti ewé, àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n dà. Baba mi yí àwòrán náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Èwo ni iṣu níbẹ̀?” Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé dígí aláwọ̀ ewé ni à bá fi bo ojú kámẹ́rà, kí ewé lè mọ́lẹ̀, kí ilẹ̀ pupa sì ṣókùnkùn.

Ìtìjú yìí ni ó mú mi wá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú kiri, ìwádìí mi sì gbé mi dé Amẹ́ríkà, ní àkókò tí oko tiwọn bàjẹ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, owó àlìkámà lọ sókè, àwọn àgbẹ̀ sì túlẹ̀ pápá ńlá tí ó wà láàárín ilẹ̀ wọn, títí kan koríko tí ó di erùpẹ̀ mú. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni ọ̀dá dé, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ilẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1935, ìjì eruku sọ ọ̀sán di òru ní Oklahoma àti Texas. Ọjọ́ Ìsinmi Dúdú ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí di òní. Ní ọdún náà ni ìjọba Ààrẹ Roosevelt dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ aláìní, èyí tí ó di Farm Security Administration ní 1937. Roy Stryker ni olórí ẹ̀ka tí ó ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ojú oko han ará ìlú ńlá, kí ó má baà ráhùn bí ìjọba bá ń náwó sí i. Ẹ má gbàgbé èyí o: ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ ní ohun tí ó ń wá.

Arthur Rothstein, tí Stryker kọ́ ní Yunifásítì Columbia, ni ó kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí ó dé Cimarron County ní Oklahoma, ní oṣù kẹrin ọdún 1936, tí ó ya bàbá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì bí wọ́n ti ń dorí kodò la ìjì eruku kọjá lọ sínú ilé. Mo ti wo àwòrán náà títí. Eruku fúnra rẹ̀ ti sọ ilẹ̀, ilé àti ojú ọ̀run di àwọ̀ kan. Ohun tí ó ba tèmi jẹ́ gan-an ni ó gbé tirẹ̀ ga.

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀ràn dé. Rothstein rí agbárí màlúù kan lórí ilẹ̀ tí ó sán ní South Dakota. Ó yà á níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé e lọ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì tún un yà lórí koríko. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ títí di oṣù kẹjọ, nígbà tí Roosevelt wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo ilẹ̀ ọ̀dá, tí ìdìbò oṣù kọkànlá sì ń bọ̀. Nígbà náà ni ìwé ìròyìn kan ní ìlú Fargo, ní North Dakota, kéde pé ayédèrú ni àwòrán náà. Àwọn alátakò Roosevelt gbé e gẹ̀gẹ̀. Agbárí kan, ibùsùn méjì! Wọ́n tilẹ̀ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa sán bí òjò bá rọ̀ dáadáa pàápàá.

Èmi kò dá Rothstein láre pátápátá. Ẹni tí ó ní òun wá jẹ́rìí kò gbọdọ̀ máa gbé ẹ̀rí kiri. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó gbé ọ̀dá wá sí Dakota. Ọ̀dá ọdún 1936 pa ohun ọ̀gbìn àti ẹran, kámẹ́rà ì bá wà tàbí kí ó má sí.

Ohun tí ó dùn mí jù kò sí nínú ìwé ìròyìn Fargo. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, bí Stryker kò bá fẹ́ràn àwòrán kan, yóò mú irin tí a fi ń lu ìwé, yóò sì lu ihò sára fíìmù náà, kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Bí a bá tẹ irú rẹ̀ jáde, ihò náà a di àmì dúdú rìbìtì: nígbà mìíràn lójú ọ̀run, nígbà mìíràn láàárín oko, nígbà mìíràn ní ojú àgbẹ̀ tí ó dúró jẹ́ẹ́ kí a lè ya òun. Àwọn ayàwòrán rẹ̀ bínú sí i, ó sì fi í sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni Rothstein gbé agbárí, gbogbo Amẹ́ríkà pariwo. Ta ni ó pariwo nítorí àgbẹ̀ tí a lu ihò sí lójú?

A dúpẹ́ pé wọn kò dà wọ́n nù. Fíìmù dúdú-òun-funfun nǹkan bí 175,000 ni ó wà ní Ilé-Ìkàwé ti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Washington, àwọn oníhò sì wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wò wọ́n láti ibi tí ó bá wà. Fíìmù oko baba mi náà ṣì wà nínú àpótí mi. Nígbà tí mo tún fi hàn án láìpẹ́ yìí, ó fi ìka tọ́ igun kan, ó ní ó dàbí ẹni pé ibẹ̀ ni iṣu wà.