Ọjọ́ 10 oṣù Keje: òjò tí Èkó ò gbọdọ̀ gbàgbé

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, òní lọ́jọ́ 10 oṣù Keje. Tẹ́ ẹ bá ń wá ilé láàárín Lekki sí Ajah, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ìtàn ni o, ṣùgbọ́n owó yín wà nínú ẹ̀. 🧵

2/ Ọdún 2011, ọjọ́ Sọ́ńdè ló bọ́ sí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. A jí, òjò ń rọ̀. A ní á dá kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀. Ló bá di ọ̀sán, ló bá di alẹ́. Nǹkan bíi wákàtí 17 ló fi rọ̀. Màmá mi gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì, ó gbé èmi náà sórí bẹ́ẹ̀dì.

3/ Ìwọ̀n òjò tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: mìlímítà 233.3. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan, 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà: omi tó bọ́ sórí ẹ̀ lé ní lítà 150,000. Táńkà omi 15 nìyẹn, táńkà tó ń gba lítà 10,000. Lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo!

4/ Èèyàn kú. Ilé wó. Erékùṣù ni o, mainland ni o, omi ò yan ẹnì kankan sílẹ̀.

5/ Kí ló dé tí ti Lekki fi máa ń le? Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, ilẹ̀ náà sì rẹlẹ̀. Irà ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, yanrìn ni wọ́n dà sí i. Tí ọ̀sà bá ti kún, gọ́tà ò ríbi tú omi sí mọ́. Omi á kàn dúró, á máa wò yín. Ká má tíì sọ ti àwọn tó kọ́lé sójú ọ̀nà omi.

6/ Ẹ tún wo déètì wọ̀nyí: ọjọ́ 8 oṣù Keje 2017, Sátidé, tí ẹnì kan ń wa ọkọ̀ ojú omi lójú títì Victoria Island. Ọjọ́ 3 oṣù Keje 2024, Ọjọ́rú, Lekki àti Ajah tún kún. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń yí ká.

7/ Ọjọ́ 10 oṣù Keje yìí kan náà, lọ́dún 1913, wọ́n kọ ooru 56.7°C sílẹ̀ ní Death Valley, ní Amẹ́ríkà. Títí dòní, òun ni àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, gbà pé ó ga jù láyé. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn ẹ̀.

8/ Líbíyà ló gba ipò yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún 1922, pẹ̀lú 58°C. Lọ́dún 2012, WMO fagi lé e, torí wọ́n padà yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò, wọ́n rí àṣìṣe. Lẹ́yìn 90 ọdún! Ohun tó wà lákọsílẹ̀ lèèyàn lè yẹ̀ wò.

9/ Tiwa ńkọ́? Nígbà tí mo gba yàrá tèmi ní Ajah, ejẹ́ńtì ní, "Omi kì í dé ibí rárá." Mo sanwó ọdún kan. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo bi màmá alákàrà tó wà ní jọ́ńṣọ̀n. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, wo ara ògiri yẹn." Ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ó tó orúnkún mi.

10/ Láàárín oṣù yẹn, láńdílọ́ọ̀dù kun ògiri náà. Funfun báláú! Àkọsílẹ̀ àdúgbò wa ti parẹ́ nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Keje, mo kẹ́rù jáde. Wọn ò dá owó kankan padà.

11/ Nítorí náà, tómi bá dé, ẹ ya fọ́tò. Ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ àdúgbò, àti ibi tómi dé: kókósẹ̀ ni àbí orúnkún? Ẹ kọ tiyín síbí, kẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kó tó sanwó.

12/ Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa tá a ń háyà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́ sílẹ̀, jàre. 🙏🏾