Ibi tí Ẹ̀dà Kejì Ń Gbé: Ìtàn Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Òwò ní Ìkẹjà àti Agége

Láti ìgbà tí ojú irin tó gba Agége kọjá ti dé òkè Ọya ni àkọsílẹ̀ ti di ọ̀ràn ìjẹun fún àwọn oníṣòwò àgbègbè náà, nítorí pé ẹni tó bá di obì sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ̀hún, níbi tí ojú rẹ̀ kò tó, nílò ìwé tí yóò jẹ́rìí fún un. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wá dá ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí Guinness àti Dunlop sì tẹ̀dó síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún tó tẹ̀lé e, iṣẹ́ ìwé pọ̀ sí i. Káábọ̀n, ìyẹn bébà fẹ́lẹ́ dúdú tí a ń tì bọ àárín ewé méjì kí ohun tí a kọ sí ti òkè lè hàn lára ti ìsàlẹ̀, ni ohun èlò ẹ̀dà nígbà náà. Bí ẹrù bá ń jáde, ewé àkọ́kọ́ á bá awakọ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, òmíràn á kù sọ́wọ́ ọlọ́dẹ ẹnu géètì, èyí tó kẹ́yìn, tí lẹ́tà rẹ̀ ti ṣú, á wà lára ìwé. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú èyí, torí ẹ̀dà kan ti kúrò nínú ọgbà. Àmọ́ lẹ́jà, ìwé ńlá tí gbogbo gbèsè àti owó tó wọlé wà nínú rẹ̀, kì í sábà ní èkejì.

Kọ̀ǹpútà kò wo àìlera yìí sàn. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, nígbà tí Òpópónà Ọ̀tigbá ní Ìkẹjà di ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, àtoníṣẹ́ kékeré àtoníṣẹ́ ńlá ló lè ra háàdì dísìkì láti fi pa ẹ̀dà mọ́, ṣùgbọ́n nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń tì í sí, débi pé olè kan tàbí iná kan lè kó méjèèjì lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, 2002, àwọn bọ́ǹbù tó wà nípamọ́ ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bú gbàù. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kú, ilé àti ṣọ́ọ̀bù sì wó. Kò sí ohun ìní tí a lè fi wé ẹ̀mí wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, ọjọ́ náà fi hàn pé odindi àdúgbò lè parun ní ìrọ̀lẹ́ kan, àti pé ẹ̀dà tó wà ní yàrá kejì kò tíì jìnnà tó.

Òfin tí Peter Krogh, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ bá èyí mu: kí àkọsílẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 náà kà á mọ́ àwọn ìgbésẹ̀ ààbò pé kí ẹni tó ń tọ́jú dátà àwọn ènìyàn lè dá a padà láìpẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá. Nítorí náà ẹ̀dà tí a kò dán wò rí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìyànjú láti ṣí, kò tíì tó ẹ̀dà.

Ní ti ẹ̀dà tó yẹ kó wà níbòmíràn, láti 2013 ni Rack Centre ti ń ṣiṣẹ́ ní Orégùn ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń háyà àyè fún kọ̀ǹpútà wọn. Fún oníṣẹ́ tó wà ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà kan náà, ìtòsí ni. Nítorí bẹ́ẹ̀ ó ṣì nílò ẹ̀dà mìíràn lẹ́yìn Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó wà ní òkè òkun nìkan kò tó, nítorí ní oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, tí iṣẹ́ báńkì ní Nàìjíríà sì dàrú, ẹ̀dà tó wà nítòsí ni ọwọ́ lè tètè tó.