Ọpọlọ Òkú àti Àṣà Wa

Bí oníṣègùn bá bẹ ẹbí kan ní Ajah tàbí Lẹ́kkí pé kí wọ́n fún òun ní ọpọlọ òkú wọn fún ìwádìí, èsì tí ó yá lẹ́nu ni pé àṣà kò gbà á. Odindi ni à ń sin òkú.

Ìtàn kò gbè wọ́n tán. Láyé àtijọ́, bí aboyún bá kú, wọn kì í sin ín pẹ̀lú oyún nínú. Àwọn awo ni ó ń yọ ọ́. Wọ́n sì ń fi abẹ sàmì sí òkú àbíkú. Nítorí alààyè ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára wọn, àti ti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn tí ń mú àgbà ṣarán. Èsì 2001 fi hàn pé, lọ́dọọdún, Alzheimer ń mú nǹkan bí 12 nínú 1,000 àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 25 nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Kí ló fà á? Inú ọpọlọ ni àpá àrùn náà wà; ìbéèrè ẹnu nìkan kò lè tú u wò.

Ẹni tí ó ti ń ṣarán lè má lè sọ ìfẹ́ inú rẹ̀ mọ́. Ní tèmi, kí àgbà ti bá ọmọ sọ ọ́ nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé. Ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi àṣà bojú.