Ọtí Róọ̀mù àti Òógùn Ẹrú

Ṣé ẹ mọ ibi tí ọtí róọ̀mù ti wá?

Láti nǹkan bí 1640 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbin ìrèké púpọ̀ ní erékùṣù Bábádọ̀sì. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ni wọ́n ń gé e, àwọn náà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fún oje rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbá ọwọ́ ẹnì kan mú, àáké ni wọ́n fi ń gé ọwọ́ náà, kí ẹ̀rọ má baà fa odindi ènìyàn wọlé.

Bí ṣúgà bá dì tán, oje dúdú a ṣẹ́kù. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á jẹ́ kí ó kan, wọ́n á sè é bí a ti ń sè sódàbì.

Àwọn oníṣòwò Rhode Island ní Amẹ́ríkà ń ra irú oje yìí, wọ́n ń fi pọn ọtí, wọ́n ń gbé e wá sí etíkun Áfíríkà láti fi ra ènìyàn. Òógùn ẹrú ni wọ́n fi ra ẹrú!

Ní 1838 ni àwọn ẹrú Bábádọ̀sì dòmìnira pátápátá. Bí ẹ bá rí ìgò róọ̀mù, ẹ rántí wọn.